Nínú Igbó Ọ̀rẹ̀: Bí Agégi Ṣe Ń Yan Báà

Ẹ́ńjìnnì ìgégi mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí a ń wọnú igbó lápá Ọ̀rẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń sáré yí ká, tó wà lára èyí tó kéré jù jẹ́ íǹṣì 16. Èkejì, Stihl MS 381, gbé báà íǹṣì 25. Ẹ̀kẹta ni Stihl 070, àgbà ẹ́ńjìnnì tí àwọn onígẹdú wa mọ̀ bí ẹni mowó. Íǹṣì 36 ni báà tiẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbáko. Ẹni tí kò bá mọṣẹ́ á ní èyí tó gùn jù yìí nìkan ti tó, kí ni wọ́n ń ru ìyókù kiri fún?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń wọṣẹ́ igi gígé náà ń rò bẹ́ẹ̀. Owó tó yẹ kí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì tó lágbára, báà gbọọrọ ni wọ́n ń fi rà, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ́ńjìnnì tí kò lè fà á. Ó ń dùn mí, torí irin yìí kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe fáàrí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ọ̀gá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà wọ igbó, kí n lè fojú ara mi rí bó ṣe ń yan báà.

Oko mẹlínà la kọ́kọ́ yà sí. Bàbá olóko ló gbin àwọn igi náà fúnra rẹ̀, owó ìjọba lórí wọn sì ti di sísan. Ọ̀gá ò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ké sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kó mú okùn wá. Wọ́n fi yí igi ká níbi tí ṣéènì máa gbà kọjá, wọ́n tẹ́ okùn náà sílẹ̀, wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n: íǹṣì 66.

"Pín in sí mẹ́ta," ni Ọ̀gá wí.

"Íǹṣì 22 ni, sà."

"Yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí, nítorí ìyíká igi fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀. Íǹṣì 21 ni ìbú mẹlínà náà gan-an. Báà sì gbọ́dọ̀ fi bí íǹṣì méjì ju ìbú igi lọ, kí imú rẹ̀ lè yọ lódìkejì, kí agégi máa rí i. 21 àti 2 jẹ́ 23. Báà 25 ló sún mọ́ ọn jù nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, MS 381 ni wọ́n sì gbé sọ̀kalẹ̀.

Íǹṣì tí à ń sọ yìí kì í ṣe gbogbo gígùn báà o. Ibi tí báà ti yọ lára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n lọ dé imú. Ìdí tó wọnú ẹ́ńjìnnì, níbi tí wọ́n ti ń fi nọ́ọ̀tì dè é, kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó bá tú báà sílẹ̀, tó wọ̀n ọ́n tìdí timú, tó sì gbé iye yẹn lọ sọ́jà, báà tó gùn ju tiẹ̀ lọ ni yóò rà bọ̀.

Mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé báà 25 sórí ẹ́ńjìnnì kékeré, èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ó mirí. "Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ló wí, ó sì ní kí n sún mọ́ ọn kí n wo eyín ṣéènì. Bí báà bá ṣe gùn tó nínú igi ni eyín tó ń jẹ igi lẹ́ẹ̀kan náà ṣe ń pọ̀ tó, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sì ń fa gbogbo wọn. MS 381 jẹ́ cc 72, ó lè fa eyín báà 25 gba inú igi líle. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò tó cc 50 á bẹ̀rẹ̀ sí í kérora, eré ṣéènì á já, agégi á wá máa fi agbára ara rẹ̀ tì í, títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná kọjá àlà, tí á sì nọ́ọ̀kì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló jọ mí lójú jù. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ́ìlì sára báà, ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fà sì níbi tó mọ. Tí báà bá gùn ju agbára rẹ̀ lọ, ọ́ìlì á ti tán lójú ọ̀nà kó tó dé imú, irin á wá máa ha irin ní gbígbẹ. Ọ̀gá tan MS 381, ó na imú báà sí ojú kùkùté funfun kan tí wọ́n ti gé ṣáájú, láì jẹ́ kó kàn án, ó sì fún un níná. Láìpẹ́, ìlà ọ́ìlì tẹ́ẹ́rẹ́ hàn lójú kùkùté náà. Ọ́ìlì ń dé imú nìyẹn. Ẹ máa dán èyí wò nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ báà. Ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù ni àwọn agégi kan ń rọ sínú ẹ́ńjìnnì wọn nítorí kò wọ́n. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá: ìdọ̀tí irin tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ báà, ara agégi ló sì ń ta sí látàárọ̀ dalẹ́.

Mẹlínà náà ò pẹ́ kó tó balẹ̀. Wọ́n la ẹnu sí i lápá ibi tí wọ́n fẹ́ kó ṣubú sí, wọ́n gé e látẹ̀yìn, wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ láàárín láìgé kó lè tọ́ igi sọ́nà, ó sì wó síbi tí wọ́n ní kó wó sí.

Nígbà tó kan ẹ̀ka gígé ni mo wá mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì kékeré fi bá wa wá. Báà 16 ni ọmọ iṣẹ́ gbé wọ àárín ẹ̀ka. Apá òkè imú báà ni ewu wà. Bí ibẹ̀ bá ṣèèṣì kan igi nígbà tí ṣéènì ń sáré, ẹ́ńjìnnì á ta sókè, á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú un kó tó ṣẹ́jú. Láàárín ẹ̀ka tó dí, ẹni tó mú báà gbọọrọ kò lè mọ ohun tí imú rẹ̀ fẹ́ kàn. Ọ̀kan nínú àwọn agégi náà fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àpá kan hàn mí láti èjìká títí dé ìdí ọrùn. Báà tó gùn jù ló fi ń gé ẹ̀ka lọ́jọ́ tó gba àpá náà.

Lọ́sàn-án la dé ìdí arère ńlá kan nínú oko kòkó. Wọ́n ta okùn yí i ká lókè ibi tí àwọn gbòǹgbò ti nà jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀: íǹṣì 132. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 42. Ojú gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ 070, ṣùgbọ́n MS 381 ni Ọ̀gá tún gbé.

"Ẹ gbọ́, akọ̀ròyìn," ó ní, "36 ò kúkú tó 42. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì la máa gbà gé e bó ti wù kó rí. 25 lọ́nà méjì, ṣé kò ju 42 lọ ni?"

Ìṣirò yẹn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 070 ju kílò 10 lọ láìtíì ka báà mọ́ ọn, MS 381 kò sì tó kílò méje. Nígbà tí igi bá ń wó, agégi gbọ́dọ̀ lè kúrò nídìí rẹ̀ kíákíá, ẹrù tó wúwo kò sì ní jẹ́ kó yá ẹsẹ̀. Báà tó kúrú, tí a fi gé igi lápá méjì lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, sàn ju báà gbọọrọ tó ti rẹ ẹni tó mú un lọ.

Pákó lílà ni wọ́n gbé 070 wá fún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní cc 100, gẹdú lílà ní gbọọrọ sì ń gba agbára ju gígé e ní ìbú lọ. Wọ́n gé arère náà sí ẹsẹ̀ bàtà 12, 12, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá òkè tí ìbú rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí íǹṣì 30, wọ́n fi okùn tí wọ́n rẹ sínú dúdú bátìrì ta ìlà sí i. Báà 36 bo ìbú gẹdú náà já. Eyín ṣéènì rẹ̀ pàápàá yàtọ̀: dígírì 10 ni wọ́n pọ́n ọn sí, nígbà tí ti ìgégi máa ń jẹ́ nǹkan bíi 30. Ìyẹ̀fun igi tó dà sílẹ̀ pọ̀ débi pé inú mi bàjẹ́. Ojú tí ṣéènì ń là fẹ̀ gan-an ju ti ayùn sọ́ọ̀mìlì lọ, pákó tó yẹ kó wà lọ́jà ló ń di ìyẹ̀fun sínú igbó. Níbi tí ọkọ̀ bá lè dé, ó yẹ kí wọ́n máa gbé gẹdú lọ sí sọ́ọ̀mìlì.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ọ̀gá nu ìdí báà 25, ó fi ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ hàn mí. Yàtọ̀ sí gígùn rẹ̀, 3/8 wà níbẹ̀, ìyẹn bí àwọn ìsokọ́ra ṣéènì ṣe jìnnà síra. 1.6 wà níbẹ̀, ìyẹn mílímítà tí ojú ihò tí ṣéènì ń gbà kọjá fẹ̀ tó. 84 sì wà níbẹ̀, ìyẹn iye eyín ìsàlẹ̀ ṣéènì tó ń wọnú ihò náà. Ṣéènì 1.5 á máa mì nínú ihò 1.6, kò ní gé igi lọ́gbọọgba. Ṣéènì 1.6 kò sì ní wọnú ihò 1.5. Ìdí báà Stihl àti ti Husqvarna ńlá pàápàá kò bára mu, bí gígùn wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó fẹ́ ra báà, ẹ kọ àwọn nọ́ńbà ìdí báà yín sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì wọn àwọn igi tí ẹ máa ń gé lójoojúmọ́. Igi ńlá tí ẹ lè bá pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kọ́ ni kí ẹ fi yan báà. Àgbẹ̀ tó ń gé ẹ̀ka kòkó àti igi ìdáná, íǹṣì 14 tàbí 16 ti tó o. Ẹni tó ń gé mẹlínà àti tíìkì tó ti gbó, kó ra 20 tàbí 25, kó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì òun lè fà á. Ẹni tí kì í la pákó kò nílò 36.