Bí A Ṣe Ń Bí Ọmọ fún Region

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ní ilé ìtajà kan ní Randall Street, ní ìlú Monrovia, ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ owó tí àwọn oníbàárà san sínú kọ̀ǹpútà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Làìbéríà inú yín ti mọ̀, dọ́là méjì ni a ń ná níbẹ̀, ti Làìbéríà àti ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà apá méjì ni ojú ìwé wa pín sí, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Kí iṣẹ́ náà lè fúyẹ́, mo lo Sikuli, èyí tí wọ́n ṣe ní MIT ní Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní SikuliX nísinsìnyí. A ó fi àwòrán bọ́tìnnì hàn án, yóò wá a lójú kọ̀ǹpútà, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Region ni kíláàsì tí ó ń ṣọ́ apá kan ojú náà. Ó mọ̀ ọ́n wá, ó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń kọ owó. Mo wá bí ọmọ fún un ní èdè Python (Python tí SikuliX ń lò kò gba àmì ohùn lórí orúkọ, ẹ má bínú):

class Owo(Region):
    def ko(self, iye):
        self.click("apoti.png")
        self.type(iye)
        self.click("pamo.png")

Gbogbo ohun tí Region mọ̀ ni Owo jogún, ó sì fi ko kún un.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, n kò kọ self. Click lásán ni mo kọ. Click lásán kì í wo apá tí a yàn fún un; gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni í wò. Bẹ́ẹ̀ ni 5,000 dọ́là Làìbéríà tí ìyá alátẹ kan san ṣe di 5,000 dọ́là Amẹ́ríkà nínú ìwé wa. Òru ọjọ́ náà ni mo fi tún un ṣe, ọ̀gá mi sì jókòó tì mí, kò sọ̀rọ̀.

Ẹ tún kíyè sí find. Bí Owo tilẹ̀ ni ó wá nǹkan, Match ni yóò dá padà. Ọmọ Region ni Match pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò jogún ko. Ẹ mú ibi tí ó wà àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ fi dá Owo tuntun.

Ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré ni Region fi ń dúró kí ó tó ní òun kò rí àwòrán. Kọ̀ǹpútà tiwa lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà mo fi self.wait("apoti.png", 30) ṣáájú gbogbo rẹ̀.