Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ikọ́: Ẹ Má Ṣe Pa Aláìsàn Mọ́ Sínú Ilé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Òsì àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, ọ̀ràn ìyè àti ikú ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé.

Bí ẹnì kan bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, àwọn ará ilé a máa wí pé iṣẹ́ ọ̀tá ni. Nítorí ìtìjú, wọn a sé e mọ́ yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà rẹ̀.

Iṣan ńlá kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ọkàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó sì yẹ̀ka bí igi. Bí kòkòrò àrùn bá jẹ ara ẹ̀ka kan, ara rẹ̀ a di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, a sì wú, bí rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí ó gbó ti í wú kí ó tó bẹ́. Bí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a dí ọ̀nà èémí, aláìsàn a sì lè kú láìpẹ́. Ikọ́ ife a máa fa irú èyí. Fritz Rasmussen, oníṣègùn ará Denmark, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1868, ọdún 14 kí Robert Koch tó fi kòkòrò ikọ́ ife han aráyé. Kòkòrò mìíràn lè ti inú ọkàn tí ń ṣàìsàn wá, tàbí láti ojú abẹ́rẹ́ àìmọ́.

Ọ̀nà ìwòsàn mẹ́ta ni ó wà. Èkíní ni oògùn tí ń pa kòkòrò náà. Kò sí ẹni tí kò ní lò ó. Èkejì, oníṣègùn a ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan itan dé ẹ̀dọ̀fóró, a sì fi wáyà kékeré tí a ká dí ibi tí ó wú. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ: a la àyà, a so iṣan náà, a sì gé apá ẹ̀dọ̀fóró tí ó bàjẹ́ kúrò. Apá tí ó kù yóò máa mí. Iṣẹ́ eléwu ni. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà wà ní UCH Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957.

Àwọn agbẹ́gilére Òsì mọ̀ pé igi tí ikán ti jẹ tán, ọ̀bẹ kò rí i ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àyà tí a pẹ́ kí a tó gbé wá.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù mẹ́fà ni a sábà ń lò ó, kí a má sì ṣe dá a dúró nítorí pé ara ti yá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ má ṣe fún un ní àgbo mu. Ẹ gbé e lọ kánkán sí ilé ìwòsàn ńlá, ìbáà ṣe Ìdó-Èkìtì tàbí Òkè-Oyì lẹ́bàá Ìlọrin.

Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Ìhìnrere kò jókòó sílé nítorí ìtìjú: ó la àárín èrò kọjá, ó sì rí ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa náà jáde.