Ọgbà Nábótì àti ìsọ̀ ọjà wa

Áhábù ọba Ísírẹ́lì fẹ́ ra ọgbà àjàrà Nábótì. Nábótì ní ogún bàbá òun ni, òun ò tà. Ni Jésíbẹ́lì, ìyàwó ọba, bá kọ̀wé lórúkọ ọba. Ẹlẹ́rìí èké méjì dìde, wọ́n sọ Nábótì lókùúta pa. Áhábù ò ju òkúta kankan, àmọ́ òun ló lọ gba ọgbà, òun náà ni Ọlọ́run rán Èlíjà sí pé ó pààyàn. Ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á.

Onígbàgbọ́ tí wọ́n bá fi ìsọ̀ lọ̀, kó kọ́kọ́ béèrè bí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe kúrò. Bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fi lé e, má sanwó ẹ. Ire o.