Ìtọ́jú àtẹ̀lé lẹ́yìn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀

Ìtọ́jú àtẹ̀lé lẹ́yìn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò, ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún ẹni tí wọ́n ti tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí wà lára àwọn tí ó máa ń padà wá jù. Nínú nǹkan bí mẹ́ta nínú àwọn aláìsàn mẹ́rin, àrùn náà kò tí ì kọjá awọ inú àpò ìtọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Kò tí ì wọ inú ẹran ara tó nípọn lábẹ́ awọ náà. Irú èyí kì í sábà pa ènìyàn kíákíá, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ó máa ń hù padà, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí èyí, ṣíṣọ́ àpò ìtọ̀ jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn náà fúnra rẹ̀, bí ara aláìsàn tilẹ̀ ti le koko.

Ìdí tí ó fi ń padà

Irú awọ kan náà ni ó tẹ́ inú àpò ìtọ̀ àti inú àwọn ọpọ́n tí ó so ó mọ́ kíndìnrín. Oró inú èéfín sìgá máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé kíndìnrín, kíndìnrín á sì sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti máa kan awọ náà lójoojúmọ́. Bí oníṣẹ́ abẹ bá gé èèhù kan kúrò, òmíràn lè yọ níbòmíràn lára awọ kan náà. Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ fún amusìgá ni pé kí ó pa á tì pátápátá, ì báà jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ tán.

Àyẹ̀wò

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni sisitosíkópì. Dókítà á ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó ní iná àti awò lẹ́nu, gba ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde, yóò sì wo inú àpò náà yíká. Wọ́n á fi oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora sí ojú ọ̀nà náà. Aláìsàn kò ní láti sùn, kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìtọ̀ lè máa ta á fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì hàn. Bí ibà bá tẹ̀ lé e, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, kí ó padà sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ máa ń wáyé ní oṣù 3 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn dókítà ìtọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tí ewu tirẹ̀ kéré, tí wọn kò sì rí nǹkan kan, lè dúró di oṣù 9 sí i, kí ó tó wá máa lọ lọ́dọọdún títí di ọdún 5. Ẹni tí ewu tirẹ̀ ga yóò máa lọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún 2, oṣù mẹ́fà-mẹ́fà títí di ọdún 5, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n á tún máa yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọn á sì ya àwòrán kíndìnrín àti àwọn ọpọ́n rẹ̀ látìgbàdégbà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀ láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, kò yẹ kí a dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ yìí nípọn ní àgbègbè tí àtọ̀sí ajá ti wọ́pọ̀, irú bí àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ ìsédò Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Kòkòrò àtọ̀sí ajá fúnra rẹ̀ lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ bí ó bá pẹ́ lára. Ẹni tí ó ti ní jẹjẹrẹ yìí rí kò gbọdọ̀ gbé oògùn àtọ̀sí mì kí ó sì jókòó sílé. Inú àpò náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Bákan náà ni obìnrin tí wọ́n ń fún ní oògùn kòkòrò ìtọ̀ léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò sì dá.

BCG

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ewu tiwọn ga ń gba BCG, oògùn àjẹsára kan náà tí a ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ọdún 1976, dókítà Alvaro Morales àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kingston, ní Kánádà, gbé ìròyìn jáde pé bí a bá dà á sínú àpò ìtọ̀, jẹjẹrẹ náà kì í padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni ó ń ta agbára ìdáàbòbò ara jí. Wọ́n ń fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ní àwọn oṣù tí wọ́n yàn, fún ọdún 1 sí 3. Yóò mú un dúró nínú àpò ìtọ̀ fún nǹkan bí wákàtí 2. Fún wákàtí 6 lẹ́yìn náà, kí ó jókòó tọ̀, kí ó da bílíìṣì sínú ibi tí ó tọ̀ sí, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí ó tó fi omi ṣàn án, nítorí àwọn kòkòrò inú oògùn náà ṣì wà láàyè. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń lo ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo, ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré.

Àwọn tí wọ́n yọ àpò ìtọ̀ wọn

Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ inú ẹran ara àpò ìtọ̀, wọ́n lè yọ àpò náà kúrò pátápátá. Ọ̀nà tí Eugene Bricker, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ ní ọdún 1950 ṣì wọ́pọ̀: wọ́n á gé díẹ̀ nínú ìfun kékeré, wọ́n á so àwọn ọpọ́n ìtọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì yọ ẹnu rẹ̀ síta lára ikùn, kí ìtọ̀ lè máa ṣàn sínú àpò ọ̀rá tí a lẹ̀ mọ́ ara. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi ìfun rán àpò tuntun sínú ara. Ẹni tí ó ní irú èyí kì í mọ̀ ọ́n lára bíi tàtẹ̀yìnwá pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Aago ni yóò máa wò kí ó tó lọ tọ̀, ìtọ̀ sì lè máa jáde lójú oorun.

Nínú méjèèjì, wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí kíndìnrín àti fítámì B12, tí ó lè dín kù lẹ́yìn ọdún díẹ̀ nítorí apá ìfun tí wọ́n gé. Òógùn máa ń tú lẹ́ẹ̀dì àpò ọ̀rá, ìtọ̀ sì ń bó awọ ara. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ yìí ni yóò kọ́ aláìsàn bí a ṣe ń wọn ihò àpò kí ó bá ẹnu náà mu. Níbi tí ènìyàn ti ń san owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ní Nàìjíríà, àpò yìí jẹ́ ìnáwó tí kì í tán.

Àwọn Mùsùlùmí kan máa ń bẹ̀rù pé àwọn kò lè kírun mọ́. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti gbà láti ìgbà pípẹ́ pé ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣàn láìsí agbára rẹ̀ ní ìdẹ̀ra. Yóò ṣe àlùwàlá, yóò sì kírun rẹ̀.

Ìbálòpọ̀ àti ọkàn

Yíyọ àpò ìtọ̀ lè ba okó dídìde jẹ́, ó sì lè mú kí ojú ara obìnrin kúrú kí ó sì gbẹ. Oògùn àti ẹ̀rọ wà fún èyí, ṣùgbọ́n aláìsàn kì í fẹ́ sọ ọ́, dókítà náà kì í sì í béèrè. Ó sàn kí tọkọtaya jọ wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ń sún mọ́, oorun máa ń dá lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Bladder Cancer Advocacy Network, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ń so àwọn tuntun pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ti la irú rẹ̀ kọjá.

Ẹni tí ó bá ń ti ìlú kan ṣí lọ sí òmíràn nílò ẹ̀dà ìwé àbájáde àyẹ̀wò èèhù tí wọ́n gé, nítorí inú rẹ̀ ni dókítà tuntun yóò ti mọ bí àrùn náà ti jinlẹ̀ tó àti iye ìgbà tí ó yẹ kí ó máa wo àpò ìtọ̀ rẹ̀.