Ìfararora àti Ohun Ẹ̀mí nínú Àwòrán: Ère Ìbejì Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iṣẹ́ Maurice Denis

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà pé ohun tí ọwọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ̀mí lè bá gbé, àti pé bí ẹ̀rọ bá ti lè sọ àwòrán kan di púpọ̀, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti dínkù nìyẹn. Bí èrò náà bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ohun mímọ́ ti kúrò nílé Yorùbá ní ọjọ́ tí fọ́tò ti gba ipò ère. Ọ̀rọ̀ ìbejì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Faransé yóò jẹ́ kí ọ̀ràn náà ṣe kedere.

Ní ọdún 1899, Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán ní ìlú Paris, gbé àkójọ àwòrán méjìlá aláwọ̀ tí Maurice Denis yà jáde. Àkọlé rẹ̀ ni Amour, ìyẹn Ìfẹ́, Auguste Clot ni ó sì tẹ̀ wọ́n. Orí òkúta ni wọ́n ti ń ṣe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹfun tí ó ní ọ̀rá ni ayàwòrán fi ń yà á. Wọn a wá fi omi ra òkúta náà, yíǹkì a lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rá wà, omi kò sì ní jẹ́ kí ó mú ibi yòókù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan a máa ní òkúta tirẹ̀. Denis wà lára àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí wọ́n pe ara wọn ní Nabi, èyí tí í ṣe wòlíì ní èdè Hébérù. (Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti gbọ́ Ànábì lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí.) Marthe, tí ó gbé níyàwó ní 1893, ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú àwọn àwòrán náà, inú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí ó ń kọ nígbà tí ó ń fẹ́ ẹ sọ́nà ni ó ti mú àkọlé wọn. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì paraku ni, ìfẹ́ obìnrin àti àdúrà kò sì jìnnà síra lójú rẹ̀. Àwọ̀ wọn ṣì bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Síbẹ̀, ojú nìkan ni ìfararora yìí wà fún. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà péré ni Vollard tẹ̀, ọwọ́ tí ó bá sì ń kan bébà náà léraléra yóò bà á jẹ́.

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ìbejì pọ̀ ní agbègbè yìí: ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960 fi iye wọn sí nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1,000. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn òbí a bi Ifá léèrè, bí Ifá bá sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọn a tọ agbẹ́gilére lọ. Ère náà sábà máa ń wà láàrin sẹ̀ntímítà 20 sí 30. Ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ṣùgbọ́n àgbà ni agbẹ́gilére ń gbẹ́, pẹ̀lú ilà ojú àti irun dídì. Ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a fi osùn pa á lára, a fi aró tàbí búlúù kun irun rẹ̀, a fún un ní ẹ̀wà àti epo, a sì fi aṣọ gbé e mọ́ra. Àwọn mìíràn a wọ ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun, nítorí okùn tí ó so ìbejì pọ̀ mọ́ Ṣàngó. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó ń mú ìyá ṣe èyí. Ìgbàgbọ́ ni pé ẹ̀mí ìbejì so kọ́ra, èyí tí ó kú lè pe èyí tí ó wà láàyè bí wọ́n bá pa á tì. Irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò sí nínú yàrá Denis.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ ìyá a máa pa imú, ojú àti ilà ère rẹ́. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa kọ ọ́ sára àkọlé pé ère náà ti gbó, bí ẹni pé àbùkù ni. Ohun tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún gan-an ni wọ́n ń pè ní gbígbó. Inú gíláàsì tí wọ́n sì wá gbé e sí ti sọ ọ́ di ẹgbẹ́ bébà Vollard.

Ní 1896 ni St. Andrew's College bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi fún àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsìn Ìmàle náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú méjèèjì. Ó wá ṣòro fún ọmọ ìjọ láti máa bọ́ igi lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pe fọ́tò ní òrìṣà. Marilyn Houlberg (1973) àti Stephen Sprague (1978), ẹni tí ó ṣe ìwádìí tirẹ̀ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàlàyé ohun tí àwọn ayafọ́tò ń ṣe bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya ìbejì náà pọ̀. Wọn a ya èyí tí ó kù, wọn a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọn a yà á, wọn a tún wọ ti obìnrin fún un.

Fọ́tò kò ṣeé wẹ̀, kò sì ṣeé kùn ní osùn. Ìpàdánù ńlá nìyẹn jẹ́. Ṣùgbọ́n agbára àtitẹ̀ ní àtúntẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń fura sí, ni ó sọ ọ̀kan di méjì padà. Vollard ká a mọ́ ọgọ́rùn-ún kí ó lè níye lórí. Ayafọ́tò tẹ méjì nítorí pé ọ̀kan kò pé. Ó kù síbẹ̀ ohun kan tí ère kò ní. Táyéwò tí ó bá dàgbà, tí ó sì ń wo fọ́tò bẹ́ẹ̀ lára ògiri, ojú ara rẹ̀ ni yóò rí níbi tí wọ́n ti ń pe ọ̀kan ní Kẹ́hìndé.