Ṣé ẹ mọ̀? Ẹ̀rọ búrẹ́dì ilé kò lè ṣe Agége
Ẹ̀rọ búrẹ́dì tó wà ní kíṣìnì yín kò lè ṣe búrẹ́dì Agége gidi, bó ti wù kí fùláwà yín dára tó. Irin kékeré tó ń yí nísàlẹ̀ páànù ló fi ń po tirẹ̀, láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Matsushita ti gbé irú rẹ̀ jáde ní Japan ní 1987. Àwọn oníbúrẹ́dì Agége ní tiwọn á ki fùláwà tí wọ́n ti pò sáàárín rólà onírin méjì, wọ́n á ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi máa dán. Ohun tó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wọn máa fà nìyẹn. Ẹ yí búrẹ́dì ẹ̀rọ ilé dojú dé: ihò irin yẹn wà nídìí rẹ̀.