Agogo Ìkìlọ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn Aláìsàn: Ààbò Ẹ̀mí àti Ojúṣe Lábẹ́ Òfin

1.0 Ìfáàrà
Ẹ̀rọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn tí àìsàn wọn le, tí ń ka lílù ọkàn àti èémí, tí ó sì ń wọn ìfúnpá àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọjá òdiwọ̀n tí a fi lélẹ̀, agogo yóò dún. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ìdí tí agogo fi lè dún kí ẹ̀mí sì tún bọ́, àti ohun tí òfin ń béèrè.

2.0 Ewu tó Rọ̀ Mọ́ Agogo
Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọ nù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí fèrè bá ń dún láìdákẹ́, ajá tó gbọ́ràn pàápàá kò ní í kọbi ara sí i mọ́. Ní ọdún 2013, Joint Commission, àjọ tí ń ṣàyẹ̀wò ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kéde pé láàárín oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 sí oṣù kẹfà ọdún 2012, ìṣẹ̀lẹ̀ 98 tó jẹ mọ́ agogo ni a fi tó òun létí. 80 já sí ikú. Nínú 100 agogo tó bá dún, 85 sí 99 ni kò béèrè ìtọ́jú kankan. Wáyà tó ṣí láyà aláìsàn tàbí òdiwọ̀n tí kò bá a mu a máa fà á.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, IBEDC gé iná ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn nítorí gbèsè. Ó lé ní 100 ọjọ́ kí iná tó padà. Bátìrì inú ẹ̀rọ kì í sì í pẹ́ tán.

3.0 Ojú tí Òfin Fi Wò Ó
Nínú ẹjọ́ Ojo àti Gharoro, tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá ní ọdún 2006, obìnrin kan pẹjọ́ nítorí abẹ́rẹ́ tó kán sínú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ. Kò jàre, nítorí pé kò fi ẹ̀rí àìbìkítà múlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ̀sùn kanni ni ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Bí agogo bá dún tí aláìsàn sì kú, níbo ni àwọn ẹbí yóò ti rí ẹ̀rí bí kò ṣe nínú àkọsílẹ̀? Òfin Ìlera ti ọdún 2014, abala 25, pa á láṣẹ pé kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń tọ́jú.

4.0 Àgbálọgbábọ̀
Ó yẹ kí a fi òdiwọ̀n lélẹ̀ bí ara aláìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe rí, kí a yan ẹni tí yóò dá agogo lóhùn, kí ẹnikẹ́ni má sì pa á láìdé ibùsùn. Kí a kọ aago tó dún, ẹni tó dé ibẹ̀ àti ohun tó ṣe sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí ni yóò gba nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì gbèjà aláìsàn tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.